Ọ̀pá wo, ríìlì wo, ìdẹ wo? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹja báàsì ní Texas

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan lẹ́yìn ìsìn, àbúrò kan fà mí lọ síbi tó páàkì mọ́tò sí, ó ṣí bùùtù, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo nǹkan tí mo rà." Ríìlì ni, ẹ̀rọ tí wọ́n ń ká okùn ìwọ̀ sí, oríṣi tí wọ́n ń pè ní baitcaster, ó ń dán gbinrin bíi ṣéènì ìyàwó tuntun, owó ẹ̀ lé ní igba dọ́là. Mo ní ó dáa, ọ̀pá ẹ̀ ńkọ́? Ó ní ẹnì kan níbi iṣẹ́ fún òun ní ọ̀pá àtijọ́ kan, ìyẹn lòun máa lò. Ìdẹ ńkọ́? "Ah, ìyẹn ò le, èyí tí mo bá rí ní Walmart ni máa rà." Mo bú sẹ́rìn-ín, kì í ṣe pé mò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, èmi náà ṣe irú ẹ̀ lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé Houston. Ẹni tó lọ ra ríìlì kó tó mọ ìdẹ tó fẹ́ jù, ó dà bí ẹni tó ra ọmọrí kó tó mọ bí ìkòkò ṣe fẹ̀ tó.

Torí náà ìfiwéra tí mo fẹ́ ṣe yìí, ẹ̀yìn ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀: ẹja àti omi ṣáájú, ìdẹ tẹ̀ lé e, ọ̀pá tẹ̀ lé ìdẹ, ríìlì ló kẹ́yìn. Bí àwọn sọ́ọ̀bù ṣe ń to ọjà wọn kọ́ nìyẹn, ríìlì ni wọ́n máa ń kó sínú gíláàsì níwájú, òun lowó wà lára ẹ̀.

Ẹja yẹn fúnra ẹ̀

Largemouth bass ni à ń sọ, báàsì ni máa máa pè é. Ẹja omi tí ò níyọ̀ ni, ará Amẹ́ríkà níbí ni, kì í ṣe ẹja tí ẹ mọ̀ nílé, ẹni tó bá ń ro epìyà tàbí ọ̀bọ̀kún kó gbé e kúrò lọ́kàn. Ara ẹ̀ jọ ewé, ilà dúdú kan lọ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹnu ẹ̀ sì gbòòrò débi pé àtàǹpàkò yín máa wọlé tó bá yá tí ẹ fẹ́ gbé e. Kì í fi bẹ́ẹ̀ sáré kiri. Ńṣe ló máa ń ba lẹ́yìn kùkùté, abẹ́ koríko omi, abẹ́ pákó tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́, bí ọlọ́ṣà tó ba sí kọ̀rọ̀, nǹkan tó bá ṣèèṣì kọjá, ó ti gbé e mì. Gbogbo ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ wá dá lórí ìbéèrè méjì: báwo lẹ ṣe máa gbé ìdẹ débi tó ba sí láì há, àti báwo lẹ ṣe máa fà á jáde níbẹ̀ kó tó fi okùn yín wé igi.

Lake Conroe, tó wà lókè Houston, èbúté onípákó ló pọ̀ létí ẹ̀. Lake Fork lápá ìlà oòrùn Dallas, igi ni, nígbà tí wọ́n sé omi yẹn wọn ò gé gbogbo igi ibẹ̀, kùkùté àti igi gbígbẹ ṣì dúró sínú omi títí dòní. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti mú báàsì tó wúwo jù ní Texas, ní January 1992, ó lé díẹ̀ ní pọ́ùn 18. Ti gbogbo ayé lé ní 22, George Perry ló mú un ní Georgia lọ́dún 1932, kò sẹ́ni tó bá a dọ́gba àfi ìgbà tí Manabu Kurita mú tiẹ̀ ní Lake Biwa ní Japan lọ́dún 2009. Tèmi ò tíì tó 7 rí, ẹ má bi mí.

Ìdẹ: ibí ni kẹ́ ẹ ti ná ọpọlọ

Nílé, ekòló gidi la máa ń fi sẹ́nu ìwọ̀, ọparun lọ́pàá, ó tán. Báàsì yìí, ìdẹ ayédèrú ni wọ́n ń lò jù, rọ́bà, igi, wáyà. Tí ẹ bá wọ sọ́ọ̀bù ńlá ẹ máa rí ògiri kan tó kún fún un láti òkè délẹ̀, gbogbo àwọ̀ tí Ọlọ́run dá àtèyí tí ò dá. Mo ti wá rí i pé púpọ̀ nínú ẹ̀, àwa apẹja ni wọ́n fi ń mú, kì í ṣe ẹja. Mẹ́rin péré tó fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ekòló rọ́bà tí wọ́n so ní Texas rig. Ẹ ti òjé kékeré tó rí bí ọta ìbọn bọ orí okùn, ẹ so ìwọ̀ mọ́ ọn. Ẹ gún ẹnu ìwọ̀ wọ orí ekòló, kó wọlé ní ìwọ̀n èékánná kan, ẹ fà á jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ yí ìwọ̀ po, ẹ wá tún ẹnu ẹ̀ gún wọ inú ikùn ekòló kó má yọ síta. Ẹ wò ó, ekòló gbọ́dọ̀ gùn tọ́ọ́, tó bá wọ́ ó máa máa yí bíríbírí nínú omi ni. Nígbà tí ẹnu ìwọ̀ ti sá sínú rọ́bà, ẹ lè jù ú sí àárín koríko, ẹ lè wọ́ ọ gba orí kùkùté kọjá, kò ní há. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kó má há yẹn náà ló fa wàhálà kejì: tí ẹja bá gbé e, ìwọ̀ ní láti kọ́kọ́ ya rọ́bà kó tó gún ẹnu ẹja, torí náà ẹ gbọ́dọ̀ gbọn ọ̀pá sókè pẹ̀lú agbára. Ọ̀pá tó rọ̀ ò lè ṣe é. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ń bọ̀ lórí ọ̀pá.

Ẹ fi wé wacky rig. Ekòló rọ́bà náà ni, àmọ́ àárín gbùngbùn ló ti máa gba ìwọ̀, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á wá so lọ́lẹ̀ bí ẹni tó gbé aṣọ sórí okùn. Kò sí òjé kankan. Ekòló rọ́bà tí wọ́n ń pè ní Senko ni wọ́n ń lò jù, iyọ̀ wà nínú rọ́bà ẹ̀, òun ló jẹ́ kó lè rì fúnra ẹ̀, bó ṣe ń rì lọ́ọ́lọ́ọ́ ni orí àtìrù ẹ̀ ń gbọ̀n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ ò ní ṣe nǹkan kan, ẹ kàn máa wo okùn ni. Bí okùn bá ṣàdédé gba ẹ̀gbẹ́ lọ, ẹja ti gbé e nìyẹn. Ìwọ̀ ibí wà níta, ó máa ń há nínú koríko, àmọ́ gbígbọn díẹ̀ báyìí ló ti wọ ẹnu ẹja. Tí ẹ bá ní kí n mú ẹyọ kan fún ẹni tí ò tíì mú báàsì rí, tí omi ibẹ̀ sì mọ́ díẹ̀, òun ni. Ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án fi mú mẹ́ta lọ́jọ́ tí èmi fi ìdẹ olówó ńlá mú òtúbáńtẹ́.

Ẹ̀kẹta ni spinnerbait. Wáyà ni tí wọ́n tẹ̀ bíi píìnì ìlédìí ọmọdé, apá kan ìwọ̀ tó wọ yẹ̀rì rọ́bà, apá kejì irin pẹlẹbẹ tó ń yí tó ń kọ mànà. Lẹ́yìn òjò tí omi bá ti pọ́n bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, ẹja ò ríran dáadáa, gbígbọ̀n irin yẹn lara ẹ̀ fi ń mọ̀ pé nǹkan ń kọjá. Jù ú, ká a wálé, ó parí. Kò béèrè ọgbọ́n púpọ̀, kì í sì í há bí ẹ ṣe rò, torí wáyà ló ń ṣíwájú kan igi.

Ẹ̀kẹrin, crankbait. Èyí ni ẹja kékeré oníke tó ní ètè lábẹ́ àgbọ̀n, ètè yẹn ló ń tì í wọ abẹ́ omi tí ẹ bá ti ń ká okùn: ètè kékeré tó gé bọ́gíbọ́gí, ìsàlẹ̀ díẹ̀ ló máa lọ, ó sì dáa fún kíkọlu kùkùté, ètè gígùn, ó lọ jìnnà sísàlẹ̀. Ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta méjì ló so mọ́ ọn. Ó ń yára wá ẹja rí, ẹ lè fi yẹ odindi etí omi wò láàárín wákàtí kan, níbi tí Texas rig á ti gba àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àmọ́ níbi tí koríko bá pọ̀, ẹ má gbé e dé bẹ̀ rárá, koríko lẹ máa máa tu.

Àkèré rọ́bà wà, ti orí ewé omi, mo fẹ́ràn ẹ̀ ju gbogbo wọn lọ, torí ẹ máa rí i tí ewé á bẹ́ gbùú tí ẹnu ńlá á yọ. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ ọ̀pá tiẹ̀ lọ́tọ̀, ọ̀pá líle, okùn tó nípọn, ẹ fi í sílẹ̀ di ọdún kejì.

Àwọ̀ ńkọ́? Omi tó mọ́, àwọ̀ tó jọ ewé àti ìdọ̀tí inú omi, èyí tí wọ́n kọ green pumpkin sí lára. Omi tó rú, dúdú pẹ̀lú búlúù fún ekòló, funfun tàbí yẹ́lò tó ń tan yòò fún spinnerbait. Ní February sí March níbí, wọ́n máa ń lo oríṣi crankbait kan tó pupa, tí ò ní ètè ní tiẹ̀, torí edé inú omi máa ń pọ́n lákòókò yẹn, ẹja sì ti ń sún mọ́ etí omi láti wá yé ẹyin. Ẹni tó bá fẹ́ sọ fún yín pé ẹ nílò àwọ̀ ogójì, ẹ bi í bóyá ó ń ta ìdẹ.

Ọ̀pá: ọ̀rọ̀ méjì tí gbogbo èèyàn ń dà pọ̀

Lókè ibi ìdìmú ọ̀pá, wọ́n máa ń kọ nǹkan sí i wínníwínní. Ẹ gbé jígí yín wọ̀ kẹ́ ẹ kà á. Ẹ máa rí gígùn, ẹ máa rí Medium tàbí Medium Heavy tàbí Heavy, ẹ máa rí Fast tàbí Moderate, lẹ́yìn náà ìwọ̀n okùn àti ìwọ̀n ìdẹ tó lè gbé.

Èyí tó ní Medium, Heavy wọ̀nyẹn, agbára ni, ìyẹn ni pé báwo lẹ ṣe máa tì í tó kó tó tẹ̀. Èyí tó ní Fast tàbí Moderate, ibi tó ti ń tẹ̀ ni, kò kan eré. Fast, ṣóńṣó orí nìkan ló ń tẹ̀, ìyókù dúró gan-an. Moderate, ó ń tẹ̀ dé àárín bí ẹ̀ka igi tí èso pọ̀ lórí ẹ̀. Níbí yìí ni ìdẹ ti ń sọ irú ọ̀pá tẹ́ ẹ máa rà fún yín. Texas rig tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, tó nílò agbára kí ìwọ̀ lè ya rọ́bà, Medium Heavy, Fast, ẹsẹ̀ bàtà 7. Wacky tí ò wúwo, Medium, Fast, ẹsẹ̀ bàtà 6 àtààbọ̀ sí 7, torí ọ̀pá tó bá le jù ò ní lè ju nǹkan fúyẹ́ jìnnà. Crankbait, Medium, Moderate, torí àwọn ìwọ̀ kéékèèké ẹlẹ́nu mẹ́ta yẹn kì í wọlé jìnnà, tí ọ̀pá bá gan tí ẹja bá fò sókè tó gbọn orí, pẹ̀ẹ́, ìwọ̀ ti já lẹ́nu ẹ̀. Ọ̀pá tó ń tẹ̀ ló máa bá yín rọ ẹja lọ́kàn. Spinnerbait lè bá Medium Heavy ti Texas rig lò, ìwọ̀ ẹyọ kan tó tóbi ló ní.

Gígùn: ọ̀pá gígùn ń ju ìdẹ jìnnà, kúkúrú ń bá a wọ abẹ́ igi. Ẹsẹ̀ bàtà 7 ni àárín, ẹ má ronú ẹ̀ jù.

Wọ́n ń fi graphite ṣe ọ̀pá, wọ́n sì ń fi fiberglass ṣe é. Graphite fúyẹ́, tí ẹja bá fi imú kan ekòló, ẹ máa gbọ́ "tọ́k" lọ́wọ́ yín bí ẹni fi èékánná ta tábìlì. Àmọ́ kò lè fara da ìyà. Mo fi ilẹ̀kùn mọ́tò pa tèmi dé lọ́sẹ̀ kejì tí mo rà á, ó ké kọ́ọ̀, bí ẹni ṣẹ́ ìrèké. Fiberglass wúwo díẹ̀, ó ń tẹ̀ dáadáa, òun làwọn tó mọ crankbait lò fẹ́ràn. Ọ̀pá tí wọ́n ń pè ní Ugly Stik pa méjèèjì pọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ nǹkan bíi graphite gidi, ṣùgbọ́n tọmọdé bá ń gun orí ẹ̀ kò ní kú. Fún ọ̀pá àkọ́kọ́, ìyẹn ni màá rà, láìfi pé àwọn tó mọ iṣẹ́ á máa yọ ṣùtì.

Ríìlì: spinning àbí baitcaster?

Ẹ̀kẹta wà tí mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀, spincast, èyí tó bo ara ẹ̀ bí agolo tó ní bọ́tìnì lẹ́yìn. Zebco 33 ló gbajúmọ̀ jù, láti ọdún 1954 ni wọ́n ti ń tà á, iléeṣẹ́ tó ṣe é ní Tulsa ní Oklahoma, bọ́ǹbù ìwakùsà epo ni wọ́n ń ṣe kó tó di pé wọ́n yà sí ríìlì. Fún ọmọ kékeré, ó dáa. Fún ẹ̀yin, ẹ máa tètè kúrò lórí ẹ̀.

Ìyàtọ̀ àárín méjì yòókù, kẹ́kẹ́ tí okùn wé mọ́ ló wà. Ti spinning, kẹ́kẹ́ yẹn ò yí nígbà tí ẹ bá ń ju ìdẹ, okùn kàn ń bọ́ kúrò lórí ẹ̀ ni. Ti baitcaster, kẹ́kẹ́ gan-an ló ń yí, ìdẹ ló ń fà á. Ẹ wá wò ó: tí ìdẹ bá kan atẹ́gùn tí eré ẹ̀ dínkù, tàbí tó já sómi, kẹ́kẹ́ ò mọ̀, ó ń yí lọ ní tiẹ̀, okùn tí ò sí ẹni tó ń fà á mọ́ ló wá ń tú jáde nínú ríìlì. Mo jù ú lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí n tó ṣẹ́jú okùn ti di irun dàda. Ìṣẹ́jú ogójì ni mo jókòó sórí àpáta tí mò ń tú u, níkẹyìn mo fi ọ̀bẹ gé gbogbo ẹ̀ dànù, ìyàwó mi ń ya fídíò.

Ó ní ọ̀nà àbáyọ o. Nọ́ọ̀bù kékeré kan tí wọ́n ń fọwọ́ yí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìyíwọ́, ẹ yí i títí tí ìdẹ á fi máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì, tó bá kanlẹ̀ kí kẹ́kẹ́ dúró. Bíréèkì wà lódìkejì, ẹ gbé e sókè dáadáa fún oṣù àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ó di iṣẹ́ àtàǹpàkò, ẹ fi rọra kan okùn bí ìdẹ bá ń lọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ pa kó tó já sómi. Nígbà tí àtàǹpàkò bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ lè ju ìdẹ sábẹ́ pákó èbúté tí ò ga ju tábìlì lọ, kó má kan nǹkan kan.

Spinning wá ńkọ́? Ìdẹ fúyẹ́, èyí tí ò tó ìdá mẹ́rin áúnsì (1/4 oz), òun ló mọ̀ ọ́n jù, baitcaster lásán ò ní gbé e débì kankan. Atẹ́gùn ń fẹ́, ẹ jù ú, kò sí ìjà. Ọwọ́ òsì ni àbí ọ̀tún, ẹ lè yọ ibi ìyíwọ́ ẹ̀ sódìkejì, baitcaster kò rí bẹ́ẹ̀, èyí tẹ́ ẹ bá rà lẹ rà. Àléébù ẹ̀ ni pé okùn tó nípọn ò bá a mu, ó máa ń ṣẹ́ bíi wáyà lórí ẹ̀, agbára tó lè fi fa ẹja jáde nínú igbó omi sì kéré. Kí okùn má baà máa yí lọ́rùn, ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi máa pa wáyà iwájú ẹ̀ dé lẹ́yìn tí ẹ bá jù ú tán, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ìyíwọ́ ló ń pa á dé. Sáìsì 2500 tàbí 3000 tó fún báàsì.

Nọ́ńbà bíi 6.4:1 tẹ́ ẹ máa rí lára páálí, ìyẹn ni pé ẹ yíwọ́ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́kẹ́ yí lẹ́ẹ̀mẹ́fà ó lé díẹ̀. 6 àti díẹ̀ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. 7 sókè fún Texas rig àti àkèré, torí ẹ fẹ́ yára ká okùn tó rọ̀ kí ẹja tó wọgbó. 5 àti díẹ̀ fún crankbait tó ń lọ ìsàlẹ̀ jìnnà, ó ń fa omi púpọ̀, ríìlì tó yára á mú apá dùn yín kí ọ̀sán tó pọ́n.

Okùn, kíá: okùn ọ̀rá lásán, mono, ó ń nà, kò wọ́n, ó sì dáa fún ìdẹ tó ń léfòó. Fluorocarbon ń rì, ẹja ò fi bẹ́ẹ̀ rí i, ẹ má fi ju ìdẹ orí omi. Braid, okùn híhun, kì í nà rárá, ó tín-ín-rín ó sì lágbára, ẹja ń rí i nínú omi tó mọ́. Lórí spinning mo máa ń wé braid pọ́ùn 10, máa so fluorocarbon ẹsẹ̀ bàtà bíi 6 mọ́ iwájú ẹ̀. Lórí baitcaster, fluorocarbon pọ́ùn 15.

Tó bá jẹ́ owó yín ni mo fẹ́ ná

Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, spinning, ẹsẹ̀ bàtà 7, Medium, Fast, ọ̀pá àti ríìlì pọ̀, bíi 60 sí 80 dọ́là. Páálí Senko méjì, ìwọ̀, òjé díẹ̀, spinnerbait kékeré kan. Ẹ fi ṣe odindi ọdún kan. Ọdún kejì, baitcaster Medium Heavy, nǹkan bí 100 dọ́là tó fún ríìlì ẹ̀, èyí tí ò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ bíréèkì ẹ̀ kì í sábà gbọ́ràn, á kàn máa bí yín nínú. Ẹni tó bá jẹ́ pé inú igi Lake Fork nìkan ló fẹ́ máa lọ, ó lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú baitcaster, àmọ́ kó kọ́kọ́ fi oṣù kan máa ju òjé lásán sínú koríko ẹ̀yìnkùlé ilé ẹ̀. Àwọn aládùúgbò máa wò ó, kò ṣe nǹkan.

Láísẹ́ǹsì omi tí ò níyọ̀ fún ẹni tó ń gbé Texas, 30 dọ́là ni, August 31 ló ń kú lọ́dọọdún, ọmọ tí ò tíì pé 17 ò nílò ẹ̀. Báàsì márùn-ún lóòjọ́, tí gígùn ẹ̀ tó ínǹṣì 14, ni wọ́n gbà kẹ́ ẹ gbé lọlé ní ọ̀pọ̀ adágún, ṣùgbọ́n àwọn ibì kan ní òfin tiwọn: ní Lake Fork, èyí tó bá wà láàárín 16 sí 24, ẹ gbọ́dọ̀ dá a padà. Ọ̀pọ̀ ló ń dá gbogbo tiwọn padà sómi pàápàá. Mo ṣàlàyé ìyẹn fún màmá mi lórí fóònù, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní "O dúró sínú oòrùn látàárọ̀, o mú ẹja, o wá sọ fún un pé kó máa lọ?"

Àbúrò yẹn ti dá ríìlì ẹ̀ padà, ó gba spinning. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ sí Huntsville State Park, torí etí omi nínú páàkì ìjọba ìpínlẹ̀, wọn kì í béèrè láísẹ́ǹsì, owó ìwọlé nìkan. Lánàá ó fi fọ́tò ránṣẹ́, igi kan ló wà níbẹ̀, spinnerbait ń tàn yanran lórí ẹ̀ka tó ga ju òun alára lọ. "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni mo ṣe máa yọ ọ́?" Mo ní gé okùn ẹ̀, so Senko.